Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Epo: Fílítà Yín Dà?

Ẹ̀yin apẹja wa, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wá sọ́jà, ọ̀rọ̀ òní le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, títí dé Ìgbókòdà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, bí ẹ́ńjìnì bá ti kú sójú omi, ohùn kan náà là ń gbọ́ ní èbúté: "Epo ò dáa." Ẹlòmíì á tiẹ̀ ní ayé ló ń ṣe òun. Àwa òṣìṣẹ́ tí a ń gba àgbẹ̀ àti apẹja nímọ̀ràn ń sọ ọ́ gbangba lónìí pé ẹ̀bi tí ẹ ń dì ru epo yẹn ti pọ̀ jù. Fílítà tí ẹ yọ dànù àti rọ́bà tí kò yẹ fún epo ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì yín.

A ò bá yín jiyàn pé epo kì í dáa nígbà míì. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló kéde pé epo tí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Methanol yìí, kẹ́míkà kan ni. Ó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ rọ́bà. Ẹ tún wo epo tí à ń rà létí omi: inú dúrọ́ọ̀mù tó ti dípẹtà ló ti ń bọ̀, wọ́n á dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, òjò á kán sí i, iyanrìn á bọ́ sí i. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá mọ̀ pé epo yín dọ̀tí, ṣé ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ yọ ohun tó ń sẹ́ ẹ dànù? Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Nítorí epo tí kò mọ́ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe fílítà.

Àwọn mẹkáníìkì kan ló ń ti àwọn èèyàn sínú ìwà yìí. Wọ́n á ní, "Fílítà ló ń dí epo lọ́nà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Wọ́n á ki rọ́bà kan bọ àárín, ẹ́ńjìnì á sì dún gbàmùgbàmù lọ́jọ́ náà, ẹ ó máa yìn wọ́n. Ẹ gbọ́ o: tí fílítà bá dí, ìdọ̀tí tó mú ló dí i. Tí ẹ bá yọ ọ́, ìdọ̀tí yẹn á kọjá tààrà sínú kábúrétọ̀, á lọ dí ojú ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀.

Ibi tó ti léwu jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí a ń lò lórí ọ̀sà ló jẹ́ èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, bíi lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 50, bí ìwé ẹ́ńjìnì bá ṣe sọ. Ọ́ìlì tó ń bọ̀ pẹ̀lú epo yẹn nìkan ló ń fi ọ̀rá sára písítìnì. Tí epo ò bá dé dáadáa, ọ́ìlì náà ò dé dáadáa nìyẹn. Písítìnì á gbẹ, á gbóná, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì. Ẹ ó wá máa yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ó máa nù ún, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Irú fílítà wo wá ni kí ẹ rà? Fílítà ọlọ́ràá kékeré ti ọ̀kadà kọ́ o! Kò lè ya omi sọ́tọ̀, ojú rẹ̀ sì kéré fún epo tí ẹ́ńjìnì ńlá ń mu. Èyí tó ń ya omi kúrò lára epo ni kí ẹ bèèrè, tí wọ́n kọ 10 micron sí lára, kí ẹ sì so ó mọ́ àárín táńkì àti ẹ́ńjìnì. Tí ó bá ní ife tó mọ́ gaara nísàlẹ̀, ó tún dáa jù, torí omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà, ojú yín á rí i. Ẹ wo àmì ọfà ara rẹ̀ kí ẹ tó so ó: ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí.

Ó kan rọ́bà. Rọ́bà funfun gbọ̀rọ̀ tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wò ó bóyá ilé dọ́gba, kí ló gbé e dé orí ẹ́ńjìnì? Oòrùn á sá a, á le gan-an, á là. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé rọ́bà tó là lè má jo síta rárá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ń fa epo, torí náà afẹ́fẹ́ ló máa gba ojú ibẹ̀ wọlé. Ẹ́ńjìnì á máa kọ́, á máa kú, ẹ ò sì ní rí ẹ̀kán epo kan nílẹ̀. Rọ́bà epo gan-an ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé epo ni wọ́n ṣe é fún, kí ihò rẹ̀ má sì kéré sí ti èyí tó bá ẹ́ńjìnì wá. Kílíìpù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi dè é. Wáyà àti rọ́bà taya kì í ṣe kílíìpù.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ẹ máa ń tẹ̀ kí ẹ tó fa ẹ́ńjìnì á sọ òótọ́ fún yín. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tí kò le, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan, tàbí kí inú bọ́ọ̀lù náà ti bàjẹ́. Tí ó bá ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nǹkan kan ti dí láàárín òun àti táńkì, tàbí kí ẹ gbàgbé láti ṣí ihò afẹ́fẹ́ orí ìdérí táńkì.

Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn ń yẹ fílítà wò. Wákàtí 100 ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnì ń dárúkọ. Tí ẹ bá ń lo ẹ́ńjìnì wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 25 péré ni wákàtí 100. Ọdún wo lẹ wá ń kà? Ẹ máa wo ife yẹn láràárọ̀, kí ẹ da omi rẹ̀ nù sínú agolo, ẹ má dà á sódò. Ẹ fi epo tó mọ́ fọ èyí tó ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ onípépà. Ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì sùn mọ́jú kí ó tó dé inú táńkì, ẹ má da ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ẹ bá ti ń ṣe gbogbo èyí, kí sìgá àti iná má súnmọ́ ibẹ̀ o.

A mọ èsì yín: "Owó ò sí." Òótọ́ ni, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nǹkan ò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè iye písítìnì àti ríǹgì, ẹ fi owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lé e, ẹ fi ọjọ́ tí ọkọ̀ á fi jókòó sí èbúté lé e, kí ẹ wá fi wé owó fílítà àti rọ́bà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ èbúté, ẹ dá owó jọ, kí ẹ rà á lápapọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja tí ẹ ń fi owó yín ra ẹ́ńjìnì fún àwọn apẹja, ẹja tó bá jẹrà sójú omi, owó yín ni. Kí ẹ tó béèrè ẹja, ẹ béèrè fílítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta páàtì, tí ẹ̀ ń ta rọ́bà omi fún ẹni tó ní epo lòun fẹ́ fà, ẹ rántí pé èèyàn ló máa jókòó sínú ọkọ̀ yẹn.

Tí mọ́tò bá kú, èèyàn á bọ́ sílẹ̀, á tì í. Lórí ọ̀sà, lóru, tí ìjì ń bọ̀, ta ló máa bọ́ sílẹ̀ ti ọkọ̀? Ẹ lọ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì yín lónìí. Tí ẹ ò bá rí fílítà níbẹ̀, ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde lọ́la.