Ọpẹ́ Tí Kò Dé Ilé Olùkọ́

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020 ni a ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Ìpínlẹ̀ Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ ń kọ́ni lórí rédíò. Àwọn mìíràn ń fi owó ara wọn ra dátà kí wọ́n lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Àwọn òbí dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò rí owó oṣù gbà, nítorí owó tí òbí ń san ni a fi ń san tiwọn. A kò dá òbí tí ọjà rẹ̀ wà ní títì lẹ́bi. Àwọn tí owó oṣù tiwọn kò dúró ni à ń bá wí: ìdúpẹ́ ẹnu kì í hó nínú ìkòkò. Nígbà tí àwọn kíláàsì tí ń múra ìdánwò àṣekágbá wọlé ní oṣù kẹjọ, àwọn olùkọ́ kan kò padà mọ́. Wọ́n ti rí iṣẹ́ mìíràn.