Omi Tí Ó Mọ́ Lójú Lè Má Dára fún Mímu

Bí o bá dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé wa lónìí, kànga dẹ̀rọ ni ìwọ yóò bá níbẹ̀. Ìjọba ni ó gbẹ́ òmíràn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó gbẹ́ òmíràn, onílé sì ń fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, tijó tayọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo tí a máa ń béèrè ni pé, “Ṣé omi ń yọ?” Ní tèmi o, ìbéèrè yìí kò tó. Ohun tí ó yẹ kí á máa béèrè ni pé, “Ta ni ó yẹ omi náà wò, nígbà wo ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, ibo ni ó sì kọ ohun tí ó rí sí?”

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ojú lásán kò lè rí kòkòrò àrùn. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni kòkòrò tí ń jẹ́ E. coli ń gbé. Bí a bá rí i nínú omi, a jẹ́ pé ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Ìlànà omi mímu ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 2007, sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan rẹ̀ nínú 100 mílílítà omi. Omi inú ilẹ̀ lè mọ́ gaara kí ó sì tutù nini, ṣùgbọ́n bí ṣáláńgá bá sún mọ́ kànga, tàbí bí sìmẹ́ńtì ẹnu kànga bá ti sán, ẹ̀gbin lè wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọ̀ omi yí padà.

Ìdí kejì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní ilẹ̀ Kánádà. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, inú kànga ni wọ́n sì ti ń fa omi wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀, ó sì gbé kòkòrò inú ìgbẹ́ màlúù wọ inú kànga kan tí kò jìn. Ó lé ní 2,300 ènìyàn tí ó ṣàìsàn. Ènìyàn méje ni ó kú.

Kì í ṣe òjò nìkan ni ó fa ọ̀ràn yìí. Adájọ́ Dennis O'Connor tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ omi máa wọn klorínì, oògùn tí ń pa kòkòrò inú omi. Lọ́pọ̀ ọjọ́, wọn kò wọ̀n ọ́n rárá; ńṣe ni wọ́n kàn ń hùmọ̀ iye kan kọ sínú ìwé. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ilé àyẹ̀wò sọ fún ọ̀gá wọn pé kòkòrò wà nínú omi. Ó fi í pamọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bi í, ó ní omi dára. Ọjọ́ 21 ni àwọn ará ìlú tó gbọ́ pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò kórìíra ìlú wọn o. Àwọn fúnra wọn ń mu nínú omi kànga náà, wọ́n gbà pé ó dára. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, mo gbà pé ìwé irọ́ burú ju àìníwèé lọ. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ lè máa fura. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ èké yóò sùn, yóò hanrun.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba wa mu omi kànga, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. N kò gbà. Àwọn tí ó dàgbà ni a ń rántí. A kò ka àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru pa mọ́ wọn. Yàtọ̀ sí èyí, agboolé kan ni kànga àtijọ́ sábà ń bọ́. Kànga dẹ̀rọ kan lè máa bọ́ odindi àdúgbò. Àwọn mìíràn yóò ní owó àyẹ̀wò pọ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó lè dá owó epo ẹ̀rọ tí ń fa omi lè dá owó àyẹ̀wò pẹ̀lú. Kí á dènà àrùn sàn ju kí á wò ó sàn lọ.

Kí ni kí á ṣe? Kí á má ṣe gbẹ́ kànga sí ibi tí kò tó 30 mítà sí ṣáláńgá. Kí á máa gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Kí á yan ẹnì kan tí yóò máa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè rí, ìbáà dùn, ìbáà korò. Ìwọ òǹkàwé, lọ béèrè ìwé náà ní àdúgbò rẹ. Bí kò bá sí, sọ ọ́ ní ìpàdé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.