Fámásì Kì Í Ṣe Ìdúmọ̀tà

Ẹ jẹ́ kí dókítà ní fámásì nínú klíníìkì rẹ̀. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò sì ní yẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan sọ níbi ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Èkó ló bí mi nínú. Klíníìkì tó wà láàárín wa ń tọrọ àṣẹ láti ya yàrá iwájú sọ́tọ̀ fún fámásì, kí ó gba fámásíìtì tó kàwé síbẹ̀, kí aláìsàn àti ará àdúgbò tó bá mú ìwé dókítà wá lè ra oògùn níbẹ̀. Ọkùnrin yìí dìde, ó gbọn apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ní wọ́n fẹ́ sọ àdúgbò wa di Ìdúmọ̀tà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní ilé gbígbé ni ìjọba kọ sílẹ̀ fún títì wa nínú ìwé ètò ìlú, wọ́n sì ti kọ̀wé ẹ̀hónú.

Ìdúmọ̀tà kẹ̀! Ṣé ọkùnrin yìí mọ ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà? Ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ìsọ̀ àwọn olóògùn ibẹ̀ pa, wọ́n sì ti ọjà oògùn Onitsha àti Aba pa pẹ̀lú, nítorí ayédèrú oògùn, oògùn tó ti kọjá ọjọ́ lílò, àti èyí tí ìjọba ti fòfin dè. Kí ló kan ìyẹn pẹ̀lú yàrá kan tó ní fíríìjì, tí ìwé àṣẹ Pharmacy Council of Nigeria wà lára ògiri rẹ̀, tí fámásíìtì tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀? Ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n kò ronú rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń wá oníbàárà fún Ìdúmọ̀tà. Bí klíníìkì kò bá ta oògùn, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì la máa sá lọ. Ibo ni ọ̀pọ̀ oníkẹ́míìsì ti ń kó ọjà tiwọn? Kí ó dá mi lóhùn.

Ó tún ń pariwo ìwé ètò ìlú sí wa létí. Níbo ni ìwé náà wà nígbà tí wọ́n sọ ilé alájà méjì di gbọ̀ngàn àríyá, tí orin ń dún mọ́ wa létí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú? Nígbà tí ilé tẹ́tẹ́ dé síwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ̀wé ẹ̀hónú? Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ nígbà náà. N kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ géètì àdúgbò wa. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa tì í láago mẹ́wàá alẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọdẹ kan ṣoṣo. A bẹ̀ wọ́n, a ní ìrọbí kì í wo aago. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ẹni tó ti géètì mọ́ wa lóru ló tún ń sọ pé kí oògùn má sí nínú ọgbà!

Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò ní àkókò fún àríyànjiyàn wọn. Abẹ́rẹ́ oxytocin ló nílò, kíá. Abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Òfin kò sì fún oníkẹ́míìsì láyè láti ta abẹ́rẹ́ tàbí antibayọ́tíìkì. Oògùn wẹ́wẹ́ tí kò nílò ìwé dókítà ni tiwọn. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń ta èyí tí òfin kọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọkọ obìnrin yìí yóò sáré lọ lóru, tí ọdẹ bá rí kọ́kọ́rọ́.

Àwọn fámásíìtì kan pàápàá ń takò fámásì nínú klíníìkì. Wọ́n ní dókítà tó bá ń jèrè lórí oògùn yóò máa kọ èyí tí kò yẹ. Nítorí ìyẹn ni South Korea ṣe ya iṣẹ́ kíkọ oògùn àti títà rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún 2000. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti ń ta oògùn ní Nàìjíríà tipẹ́. Inú dúróọ̀ ló ń kó o sí, ọmọdébìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ló sì ń ka hóró rẹ̀ sínú ọ̀rá. Fámásíìtì tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti ṣọ́ ló lè wo ìwé tí dókítà kọ kí ó ní, “Dókítà, ẹ má bínú, èyí ti pọ̀ jù.” Ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957, inú ọgbà ilé ìwòsàn náà ni fámásì wọn wà. Ta ló pè é ní ọjà?

Kí LASPPPA, àjọ tó ń fúnni láṣẹ ètò ilé ní Èkó, fọwọ́ sí ìwé klíníìkì yìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé fámásíìtì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo wákàtí tí wọ́n bá fi ń ta oògùn, kí HEFAMAA, àjọ tó ń mójú tó ilé ìwòsàn ní Èkó, máa yọjú síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì tì í pa bí wọ́n bá bá ayédèrú níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ takò ó, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìwé ẹ̀hónú, kí ó sì kọ ibi tí aboyún àdúgbò wa yóò ti rí abẹ́rẹ́ láago méjì òru.