Bí Ẹ Bá Ń Kó Ọmọ Lọ Wo Àpáta

Ẹni tó ń gbé ní Mónìyà, Lálúpọn tàbí Ẹgbẹ́dá ní àyíká Ìbàdàn kò ní rìn jìnnà kó tó rí àpáta tí òun, aya àti ọmọ lè fi ọjọ́ Sátidé kan gùn. Ọmọ tó ti rí dáínósọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kò sì ní pẹ́ béèrè bóyá egungun ẹranko ayé àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ má purọ́ fún un. Kò sí.

Kí ẹranko tó lè di òkúta, ẹrẹ̀ tàbí yanrìn gbọ́dọ̀ tètè bò ó, lábẹ́ omi lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹran ara á jẹrà, egungun tàbí ìkarawun á ṣẹ́ kù. Omi tó ń jò gba inú ilẹ̀ á wá máa kó èròjà òkúta sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ tó bò ó náà á sì le gbagidi. Ìyẹn ni à ń pè ní fọ́síìlì. Àpáta àyíká Ìbàdàn kò gba ọ̀nà yẹn wá. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló sè é, ìwúwo ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ká bí aṣọ òkè inú àpótí. Ìlà dúdú àti funfun tó wọ́ lára rẹ̀, ojú ìsè náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka tọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ ti díwọ̀n ọjọ́ orí àwọn kan nínú àpáta wọ̀nyí, ó lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún. Kò tíì sí ẹranko kankan láyé nígbà náà, ká má tilẹ̀ sọ egungun.

Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni kí ẹni tó ń wá fọ́síìlì dojú kọ. Òkun ló bo ibẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, ìkarawun àwọn ohun tó gbé inú rẹ̀ sì wà nínú òkúta tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Ilẹ̀ òkun àtijọ́ yẹn gba Benin àti Togo kọjá dé Ghana. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni o, ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta níbẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ. Kí ilé ìwé kọ lẹ́tà ló dára jù.

Egungun èèyàn ńkọ́? Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ọ̀kan ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ti ju 11,000 ọdún lọ.

Ohun tí àwa ní nílé ni ẹdun àrá, èyí tí ọkọ́ àgbẹ̀ máa ń hú jáde. Àwọn olùṣèwádìí ní àáké àwọn tó gbé ayé kí irin tó dé ni, wọ́n fi ọwọ́ lọ̀ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Àwọn oníṣàngó ní Ṣàngó ló jù ú. Èmi kò rí ìdí tí ọmọ kò fi ní gbọ́ méjèèjì.

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí àpáta a máa yọ̀ nígbà òjò, kí ẹ sì tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ olóko. Bí ẹ bá rí ẹdun àrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹ kọ orúkọ oko náà sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ han àwọn tó ń kọ́ni nípa ohun àtijọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.