Ọwọ́ Tó Ń Fọ Ilé Ajá

Ní 2010, ìgbìmọ̀ ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà, fẹnu kò pé ó kéré tán, 90 nínú 100 ajá àti ológbò tó bá wọ ilé ìtọ́jú ẹran ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ jáde láàyè. Ọwọ́ wọn tẹ èyí láìpẹ́. Àmọ́ nígbà tó di 2022, ilé náà kún àkúnya débi tí wọ́n fi dín iye tí wọ́n ń gbà kù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òfin kì í fọ ilé ajá, ọwọ́ ènìyàn ló ń fọ̀ ọ́. Kòkòrò àrùn parvo tó ń pa ọmọ ajá lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó ajá kúrò, kó kó ìgbẹ́ dànù, kó da bílíìṣì sílẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 kó tó fi omi ṣàn án. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìṣẹ́jú 10 yẹn ni yóò kọ́kọ́ gé. Àwọn kan á ní kí ìjọba tọ́jú ènìyàn ná. Òótọ́ ni, ènìyàn ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi ń pa lágbàáyé, bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Ẹni tó bá tọ́jú ajá ìgboro, ọmọ aráyé ló ń ṣọ́. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ìlú èyíkéyìí tó ka iye ajá tó yè, kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n sì san owó tó tó wọn jẹun.