Nígbà Tí Fóònù àti Awò Kò Bá Fohùn Ṣọ̀kan

Lára ẹ̀bùn tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ń dábàá fún ilé-ẹ̀kọ́ wa nínú ọdún àjọyọ̀ yìí ni awò awọ̀nàjíjìn tí a fi ń wo ìràwọ̀. A kò lòdì sí i. Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì òfuurufú fún ilẹ̀ Áfíríkà ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1998. Kò yẹ kí ọmọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà láì tíì fojú ara rẹ̀ rí òkè orí òṣùpá. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe bíbàjẹ́ ló ń sọ irú awò bẹ́ẹ̀ di ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ ló máa ń gbé fóònù sókè, tí yóò rí àwòrán ìràwọ̀ kedere, tí yóò wá fojú sí awò, tí yóò sì rí ohun mìíràn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò gbà pé ojú òun ni kò dára. Lẹ́yìn náà, eruku ni yóò jogún awò.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Fóònù ń fi ọ̀run hàn bí ojú lásán ti ń rí i, ṣùgbọ́n awò ń yí àwòrán padà kí ó tó dé ojú. Awò tí Galileo lò kì í dorí nǹkan kodò, àmọ́ irú èyí tí Kepler ṣàlàyé ní ọdún 1611, tí ọ̀pọ̀ awò onílẹ́ǹsì òde òní tẹ̀lé, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ó fẹ̀ sí i, àti pé, ká sòótọ́, ìràwọ̀ kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀.

Dídorí kodò kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ẹni tí awò rẹ̀ jẹ́ oníjígí méjì, irú èyí tí Newton ṣe, yóò kàn yí fóònù lọ́wọ́ títí wọn yóò fi bára mu ni. Wàhálà gan-an wà nínú awò onílẹ́ǹsì tí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ oníjígí sí ní ìdí, kí ọrùn má baà dun ẹni tí ń wo òkè. Jígí kan ṣoṣo yẹn dá òkè padà sí òkè, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀tún di òsì. Kò sí bí a ṣe lè yí fóònù tí yóò bá a mu, bí kò ti sí bí a ṣe lè yí bàtà ẹsẹ̀ òsì tí yóò fi di ti ọ̀tún.

Ọmọ kò níláti dúró de òru kí ó tó mọ irú èyí tí ti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́. Kí ó dojú awò kọ pátákó kan ní ìgboro Ẹnuwá ní ọ̀sán (kò gbọdọ̀ dojú rẹ̀ kọ oòrùn láéláé, nítorí yóò fọ́ ọ lójú). Bí lẹ́tà bá dorí kodò, tí ó sì ṣeé kà nígbà tí a bá yí orí, yíyí fóònù ti tó. Bí lẹ́tà bá dúró lóòró ṣùgbọ́n tí ó kọ sẹ́yìn bí ìwé inú jígí, àwòrán ni a ó pa dà. Stellarium, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ní ibi tí a ti lè ṣe é. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè tẹ àwòrán sórí bébà, kí ó sì ti ẹ̀yìn bébà wò ó níwájú iná.

Ìwọ̀n pẹ̀lú ń dá èdèàìyedè sílẹ̀. Awò tí wọ́n kọ mìlímítà 900 sí lára, tí a fi gíláàsì ojú oní-mìlímítà 25 sí, ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 36. Bí gíláàsì náà bá jẹ́ oní-dígírì 50, bí ọ̀pọ̀ wọn ti rí, ibi tí a ń rí lójú ọ̀run kò ju dígírì 1.4 lọ, kò tó òṣùpá mẹ́ta tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fóònù ní tirẹ̀ lè kó ìdá ńlá nínú ọ̀run jọ sójú kan. Ọmọ tí kò bá kọ́kọ́ fún àwòrán fóònù pọ̀ dé ìwọ̀n yìí dà bí ẹni tí ó mú máàpù Nàìjíríà dání tí ó ń wá ojúlé kan ní Ẹnuwá.

Ibi tí a ń gbé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n yà fún ẹni tí ń gbé ní Yúróòpù, níbi tí Òríónì ti ń dúró lóòró bí ọkùnrin. Ní Ifẹ̀, ní nǹkan bí dígírì 7.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó máa ń yọ ní ìlà-oòrùn ní ìdùbúlẹ̀, orí rẹ̀ sí apá àríwá, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín orí wa kọjá. Ìràwọ̀ àríwá tí ìwé ní kí a fi mọ ọ̀nà kò ga ju dígírì 7 sí 8 lọ. Ilé àti kùrukùru ti bò ó. Kọ́ńpáàsì inú fóònù sì máa ń ṣìnà bí irin awò bá wà nítòsí. Ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ayé ń yí. Bí a bá fi awò sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, àwọn ìràwọ̀ àárín Òríónì yóò la ojú awò kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 6, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá sì gbà jáde ni ìwọ̀-oòrùn. Irú awò yòówù kó jẹ́, èyí kì í yẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń dábàá pé kí ọmọ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya ohun tí ó rí sórí bébà, kí ó kọ ìwọ̀-oòrùn sí i, kí fóònù tó jáde nínú àpò. Pleiades, tí ìwé Jóòbù dárúkọ pẹ̀lú Òríónì ní orí 38, dára fún ìbẹ̀rẹ̀: ó dà bí ìgbakọ kékeré tí ìmú rẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn. Bí ìgbakọ bá yí sódì lórí bébà, ọmọ ti mọ iṣẹ́ tí jígí ṣe. Àgùàlà náà wà níbẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá nítorí pé ó ń bá a rìn. Nínú awò, òun fúnra rẹ̀ máa ń dà bí òṣùpá kékeré nígbà mìíràn, apá tí ó mọ́lẹ̀ yóò sì kọjú sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, awò ló dorí rẹ̀ kodò.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kí a ra èyí tí ń fúnra rẹ̀ wá ìràwọ̀ kiri. Ó dára, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ ni ó ń sọ ọmọ dà. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, kò ní mọ ọ̀nà. A fẹ́ràn kí owó tí ó ṣẹ́kù sanwó ọkọ̀ fún olùkọ́ tí yóò dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ Ẹnuwá níwájú ààfin ti pọ̀ ju ti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ọ̀run a tún padà wá (àǹfààní kan ṣoṣo tí a mọ̀ nínú iná lílọ). Ọyẹ́ máa ń fi eruku bo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ oṣù Kẹta ni ó máa ń mọ́, Òríónì yóò sì ṣì wà lókè ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mú bébà, pẹ́ńsù àti tọ́ọ̀ṣì tí a fi ọ̀rá pupa bò wá, nítorí ojú nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ó tó mọ òkùnkùn lò.