Ìròyìn òtítọ́, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni



Àwọn àgbà sọ pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó ti rí nídìí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí nídìí ìlú. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo kò lè mọ ẹni tó yẹ kí òun dìbò fún.

Ní ilẹ̀ Benin, láti ọdún 1975, ẹgbẹ́ PRPB nìkan ló ń ṣèjọba. Ehuzu, ìwé ìròyìn ìjọba, ló ń jáde lójoojúmọ́. Ní 1988, ìwé ìròyìn kan tí kì í ṣe ti ìjọba bẹ̀rẹ̀: La Gazette du Golfe. Ní oṣù kejì ọdún 1990, àwọn aṣojú ìlú péjọ sí Kútọnu láti tún ìlú tò. Rédíò ń gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹni tó wà lóko gbọ́, ẹni tó wà lọ́jà gbọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà, Òfin Ńlá ilẹ̀ wa jáde. Ẹsẹ 24 rẹ̀ sọ pé ìjọba ló ṣe onídùúró fún òmìnira àwọn oníròyìn. Òfin ọdún 2015 sì fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àti àlàyé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé nìkan kò tó. Ní oṣù kejìlá 2019, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún akọ̀ròyìn Ignace Sossou. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó ní agbẹjọ́rò ìjọba sọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín ẹ̀wọ̀n náà kù, ó sì jáde ní oṣù kẹfà 2020. Bí akọ̀ròyìn kan bá wẹ̀wọ̀n, ẹ̀rù á ba mẹ́wàá. Nígbà náà, ta ni yóò bá àwa ará abúlé béèrè owó tí wọ́n ní àwọn fi gbẹ́ kànga?

Oníròyìn náà kò gbọdọ̀ purọ́. Irọ́ ń ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni a fi ń lé irọ́ lọ, kì í ṣe ìbẹ̀rù.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé ìròyìn fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ níbì kan, ẹ tún gbọ́ ọ níbòmíràn kí ẹ tó gbà á. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ sí kọ́múnù, ẹ béèrè: èló ni owó ìlú? Kí ni wọ́n fi ṣe?

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.